Màmá Tí Gbogbo Ayé Ń Wò

"Tì í, ọmọ ń bọ̀!"

Ohùn ọmọbìnrin kan ló sọ ọ́ láti ẹ̀yìn, gbogbo yàrá tí àwọn aláìsàn ti ń dúró de dókítà sì bú sẹ́rìn-ín. Aránṣọ kọ́kọ́ rò pé ọ̀rọ̀ náà ò kan àwọn. Ó ń fi áńkáṣíìfù nu ẹnu ìyá rẹ̀, ojú rẹ̀ sì wà lára ilẹ̀kùn tí nọ́ọ̀sì ń gbà yọjú láti pe orúkọ. Ìgbà tó gbójú sókè ló rí i pé fóònù làwọn èèyàn nà sí wọn lọ́tùn-ún lósì.

"Àwọn ni! Màmá Ẹ̀ríndé nìyẹn!" Ọmọbìnrin náà ti dìde, ó ti dé iwájú wọn, ẹ̀rín kún ojú rẹ̀. "Ẹ kú àárọ̀, Màmá wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Tí mo bá délé, ìyá mi ò ní gbà gbọ́ pé mo rí yín. Ẹ kàn sọ pé, 'Tì í, ọmọ ń bọ̀.'"

Màmá wò ó. Ọjọ́ náà wà lára àwọn ọjọ́ tí ojú wọn máa ń mọ́ kedere, tí èèyàn á fẹ́ gbàgbé pé ara wọn ò yá. Wọ́n gbé ọwọ́ lé ọmọ náà léjìká.

"Ta ló ń rọbí?"

Ẹ̀rín tún sọ. Bàbá arúgbó kan tó gbé ọ̀pá rẹ̀ ti ògiri rín títí ikọ́ fi gbé e. Màmá wá ń wo gbogbo yàrá náà láti ojú dé ojú, bí ẹni tó ti rìn jìnnà nígboro kó tó ṣàkíyèsí pé òdì aṣọ lòun wọ̀ jáde. Wọ́n fa ìborí wọn mọ́rí, wọ́n so ẹsẹ̀ pọ̀ lábẹ́ àga.

"Kí ni mo ṣe fún wọn?" wọ́n bi ọmọ wọn lábẹ́lẹ̀.

"Ẹ ò ṣe nǹkan kan, Màmá. Inú wọn ló dùn pé wọ́n rí yín."

"Èmi ni wọ́n ń fi ṣẹ̀sín."

Wọn ò fi ṣe ìbéèrè. Wọ́n kàn sọ ọ́ ni, bí ẹni tó ń sọ pé òjò ti ṣú. Nígbà tí nọ́ọ̀sì yọjú, tó pe orúkọ wọn, Màmá kọ̀, wọn ò dìde. Wọ́n ní ilé ni kí wọ́n mú àwọn lọ. Aránṣọ bẹ̀ wọ́n títí, ó sú u, ni wọ́n bá padà sílé láìrí dókítà.

Ẹni tó mọ Màmá nígbà tí ara wọn le nìkan ló lè mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe wúwo tó. Agbẹ̀bí ni wọ́n, nílé ìwòsàn kékeré kan tí kò jìnnà sílé, títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Wọ́n mọ aya olówó tó bú ọkọ rẹ̀ tìyá-tìyá lórí ìkúnlẹ̀. Wọ́n mọ ọkùnrin ńlá tó dákú lọ́ọ̀dẹ̀dẹ̀ bó ṣe gbọ́ igbe ìyàwó rẹ̀. Wọ́n mọ ọmọ tí kò jọ bàbá rẹ̀ rárá. Kò sí ọ̀kan tó ti ẹnu wọn jáde rí. Bí Aránṣọ, ní kékeré, bá bi wọ́n pé báwo ni iṣẹ́ tòní, èsì kan náà ni wọ́n ń fọ̀: "Ọmọ dé, ìyá yè." Lọ́jọ́ tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, wọn kì í sọ nǹkan kan. Wọ́n á wẹ̀, wọ́n á kọjú sógiri, wọ́n á sùn láìjẹun, ilé á sì dákẹ́ rọ́rọ́ dọjọ́ kejì.

Iyọ̀ ni àìsàn náà fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á fi iyọ̀ sọ́bẹ̀, wọ́n á tún fi sí i, wọ́n á wá bèèrè pé ta ló gbàgbé iyọ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n ṣi ọ̀nà ilé tí wọ́n ti ń gbà láti ìgbà ọ̀dọ́. Dókítà ní ọpọlọ ló ń rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, pé kò sí òògùn tó máa dá a padà, pé ìtọ́jú àti sùúrù ló kù. Opó ni Aránṣọ, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti lọ ilé ọkọ. Ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wá sí pálọ̀ Màmá, ó kan pátákó kékeré mọ́ ẹnu ọ̀nà, ó sì ń gba iṣẹ́ níbẹ̀ kí ojú rẹ̀ lè máa tó wọn.

Àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo ayé ń pè ní Ẹ̀ríndé. Apanilẹ́rìn-ín ni, òṣèré tí àwọn ọmọdé ti ń fi ẹ̀rín yí nílẹ̀ fún kó tó la ẹnu. Ọjọ́ Sátidé ló máa ń wá kí Màmá. Sátidé kan, ó ń gbé kẹ́ẹ̀gì omi wọlé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ń kérora. Ni Màmá bá gbórí sókè lórí àga wọn, wọ́n fi ohùn tí àwọn ọmọ wọn ò tíì gbọ́ látìgbà tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì sọ pé: "Pa ẹnu mọ́! Ariwo kì í bímọ. Mí sínú. Ó dáa. Tì í, ọmọ ń bọ̀!"

Ẹ̀ríndé rín títí kẹ́ẹ̀gì fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Aránṣọ náà rín, ó fi aṣọ oníbàárà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ nu ojú. Ẹ̀ríndé wá yọ fóònù, ó tún kẹ́ẹ̀gì gbé, ó tún kérora, Màmá sì tún sọ ọ́. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ọ̀rọ̀ náà ti di ti gbogbo ayé. Àwọn tó ń ti ọkọ̀ tó kú lójú títì ń sọ ọ́. Àwọn ọmọ ilé ìwé ń sọ ọ́ fún ẹni tí ìdánwò bá le fún. Àwọn tó ń wo bọ́ọ̀lù ń fi jágbe mọ́ agbábọ́ọ̀lù. Láti ìgbà náà, Sátidé kan kì í kọjá láìsí fídíò Màmá lójú òpó Ẹ̀ríndé. Màmá bá obìnrin tó ń ka ìròyìn jà nínú tẹlifíṣọ̀n pé kó lọ fi nǹkan bo àyà. Màmá wo Ẹ̀ríndé láti òkè délẹ̀, wọ́n ní, "Ìwọ kọ́ lọmọ mi. Ọmọ tèmi rẹwà ju báyìí lọ." Èyí gan-an làwọn èèyàn fẹ́ràn jù.

Aránṣọ ò rí i bí ohun tó burú níbẹ̀rẹ̀. Àwọn tí kò mọ̀ wọ́n rí ń gbàdúrà fún Màmá, ilé tó ti dákẹ́ sì tún ń gbọ́ ẹ̀rín. Ohun tó yí i lọ́kàn padà ni fídíò kan tó jáde ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ọjọ́ ilé ìwòsàn yẹn. Ó ń fi téèpù wọn ìbàdí oníbàárà kan lọ́wọ́ nígbà tí obìnrin náà gbé fóònù sí i lójú.

"Ẹ wo èyí. Èyí pa mí lẹ́kún."

Màmá ni. Wọ́n ń jáde láti ilé ìwẹ̀, aṣọ ìnura nìkan ló wà lára wọn, omi ń kán láti orí wọn, wọ́n ń wá ọkọ wọn tó ti kú láti ọjọ́ pípẹ́ kiri ilé. Orúkọ kan ni wọ́n fi ń pè é. Orúkọ inú yàrá ni, irú èyí tí obìnrin fi ń pe ọkọ rẹ̀ nígbà tí ilẹ̀kùn bá ti tì. Aránṣọ tó jẹ́ àkọ́bí wọn ò gbọ́ orúkọ náà rí láyé rẹ̀. Ẹ̀ríndé ti ya òdòdó bo ibi tí aṣọ ìnura ò bò dáadáa, ó sì ti fi orin sí i.

Téèpù bọ́ lọ́wọ́ Aránṣọ.

"Àbí ẹ ò tíì rí i ni?" oníbàárà bi í. "Gbogbo ayé mà ti rí i."

Nígbà tí wọ́n wá ti ilé ìwòsàn dé láìrí dókítà, tí Màmá ti sùn, Aránṣọ pe àbúrò rẹ̀ pé kó wá, kó má dúró de Sátidé.

Ẹ̀ríndé gbé búrẹ́dì lọ́wọ́ wọlé. Ó fi ẹsẹ̀ jẹ́jẹ́ rìn kọjá iwájú yàrá Màmá, ó ṣe bí olè inú eré, ó wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò rí ẹ̀rín níbẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló bí yín nínú? Bí mo ṣe gbọ́ ohùn yín lórí fóònù, mo rò pé wọ́n ti fẹ́ gbé mi lọ kóòtù ni."

"Jókòó."

"Mo ti jókòó. Ṣé kí n káwọ́ sẹ́yìn náà?"

Aránṣọ ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé ìwòsàn fún un: ọmọbìnrin náà, àwọn fóònù, bí Màmá ṣe so ẹsẹ̀ pọ̀ lábẹ́ àga bí ọmọ ilé ìwé tí wọ́n bá wí. Ẹ̀ríndé tẹ́tí gbọ́ ọ tán.

"Wọ́n fẹ́ràn Màmá ni o. Kò sí ẹni tó ń fi wọ́n ṣẹ̀sín."

"Màmá ló sọ bẹ́ẹ̀. Èmi kọ́ ni mo sọ ọ́."

"Ẹ̀gbọ́n mi, Màmá ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ mọ́."

"Tí wọn ò bá mọ ohun tí wọ́n ń sọ mọ́, kí ló dé tó o fi ń gbé e fáyé gbọ́?"

Ẹ̀ríndé ya búrẹ́dì díẹ̀, kò fi sẹ́nu. Ó ń fọ́ ọ sórí ọ̀rá tó fi wé e.

"Obìnrin kan kọ̀wé sí mi," ó ní. "Takisí ló ń wà, mi ò mọ̀ ọ́n rí. Ó ní bàbá òun náà ń gbàgbé, pé òun máa ń jágbe mọ́ wọn, pé òun tiẹ̀ ti gbá wọn lọ́wọ́ rí nítorí pé wọ́n da oúnjẹ nù. Ó ní látìgbà tí òun ti ń wo èmi àti Màmá, òun ti ń bá wọn ṣeré dípò kí òun máa bínú. Ṣé ohun tó burú nìyẹn? Irú wọn pọ̀. Àwọn míì ń ti ìyá wọn mọ́lé nítorí ìtìjú. Bí èmi tí ayé mọ̀ bá wá ti tèmi mọ́lé, ta ló máa jáde?"

Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà, òótọ́ tó sì ṣòro láti bá jà. Aránṣọ ká aṣọ tó wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó tún un ká.

"Mi ò ní kó o tì wọ́n mọ́lé. Sọ fún wọn pé ìyá rẹ ń ṣàìsàn. Fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́, kí ẹni tó bá máa gbọ́n gbọ́n níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìhòòhò wọn ńkọ́? Orúkọ tí wọ́n ń pe bàbá wa ńkọ́? Tí ara Màmá bá yá lónìí, tí wọ́n ní, 'Ọmọ mi, mú un wá kí n wo ohun tó o ti ń ṣe látọjọ́ yìí,' ṣé wàá lè gbé fóònù yẹn fún wọn?"

Ọkọ̀ kan kọjá níta, gíláàsì ojú fèrèsé gbọ̀n.

"Ẹ̀yin ni wọ́n mọ̀," Ẹ̀ríndé sọ níkẹyìn.

"Kí lo wí?"

"Màmá mọ̀ yín. Bí wọ́n tilẹ̀ gbàgbé orúkọ yín, wọ́n mọ̀ pé tiwọn lẹ jẹ́. Èmi, tí mo bá wọlé, wọ́n á kí mi bí ẹni tó wá ka mítà iná. Tí mo bá gbé fóònù sókè, ó dà bíi pé orí ìtàgé lèmi àtàwọn wà. Wọ́n á sọ tiwọn, màá sọ tèmi, ẹ̀rín á sọ. Tí mo bá gbé e sílẹ̀, ìyá mi tí kò mọ̀ mí ló kù níwájú mi. Mi ò mọ ibi tí mo lè gbé ọwọ́ mi sí."

Ó sọ ọ́ tán, ó rẹ́rìn-ín, torí pé bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe kọ́ ọ láti máa parí ọ̀rọ̀ nìyẹn. Aránṣọ ò bá a rín. Ó fẹ́ na ọwọ́ kàn án, ṣùgbọ́n àbúrò rẹ̀ ti dìde.

"Mo ti gbọ́, ẹ̀gbọ́n mi. Mi ò ní gbé e mọ́."

Ó sì pa ìlérí náà mọ́. Fídíò dáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n òun alára ò wá mọ́. Sátidé kan lọ, òmíràn tẹ̀ lé e. Tí Aránṣọ bá pè é, á ní àwọn wà lẹ́nu iṣẹ́, àwọn ń ya eré kan níbi tó jìnnà, òun máa yà tí òun bá ń kọjá. Màmá ò bèèrè rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan rí, èyí ló tiẹ̀ dun Aránṣọ jù. Nígbà míì tó bá ń tẹ ẹ̀rọ rẹ̀, á máa bi ara rẹ̀ bóyá okùn kan ṣoṣo tó kù láàárín ìyá àti ọmọ ni òun fi sísọ́ọ̀sì ara òun gé.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, ọmọbìnrin kan tó ń lọ sílé ọkọ wá wọ aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀ wò. Aránṣọ wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, píìnì kún ẹnu rẹ̀, ó ń to etí aṣọ náà. Nígbà tó dìde tó na ẹ̀yìn, àga Màmá ti ṣófo, ilẹ̀kùn iwájú sì ṣí sílẹ̀.

Ó sá jáde. Ó dé igun ọ̀nà, kò sí wọn. Ó padà, ó gba apá kejì lọ, ó ń kan ilẹ̀kùn àwọn aládùúgbò, ó ń wo ẹ̀yìn ọkọ̀ tí wọ́n gbé kalẹ̀. Ọmọbìnrin náà ń sá tẹ̀ lé e pẹ̀lú aṣọ ìgbéyàwó lára, píìnì ń bọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Aránṣọ tẹ nọ́ńbà àbúrò rẹ̀.

"Màmá ti jáde. Mo ti wá gbogbo àdúgbò, mi ò rí wọn."

Aránṣọ ń gbọ́ èémí rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo lè sọ fún wọn."

Ó mọ ohun tí àbúrò rẹ̀ ń bi í. Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

"Sọ fún wọn. Jọ̀ọ́, sọ fún gbogbo ayé."

Ẹ̀ríndé kọ ọ́ sójú òpó rẹ̀, ó fi nọ́ńbà Aránṣọ sí i. Kí mọ́tò rẹ̀ tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ìpè ti wọlé. Obìnrin kan tó ń ta káàdì fóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé epo kan ló pè, ó ní Màmá wà lọ́dọ̀ òun, kí wọ́n tètè máa bọ̀, àwọn èèyàn ti ń pọ̀ jù.

Wọ́n rí èrò náà láti ọ̀nà jíjìn. Àwọn tó wá ra epo ti fi ọkọ̀ wọn sílẹ̀, àwọn tó ń kọjá ti dúró, fóònù ga sókè, wọ́n ń kọ mọ̀nà bí páànù tí oòrùn tàn sí. Láàárín wọn ni Màmá wà, nínú yẹ̀rì, ẹsẹ̀ kan nínú bàtà, ìkejì lásán. Ẹlẹ́kàádì ti fi aṣọ òrùlé àtíbàbà rẹ̀ wé wọn láyà, ó sì ń fi agboòrùn rẹ̀ ti àwọn èèyàn sẹ́yìn, ṣùgbọ́n igi kan ò lè dá igbó ṣe.

"Màmá, ẹ sọ ọ́!"

"Tì í," Màmá dáhùn. Ohùn wọn ti há. Ẹ̀rín sọ.

"Ẹ tún un sọ, Màmá! Apá ibí yìí, ẹ wo ibí!"

"Tì í, ọmọ ń bọ̀." Wọ́n yíjú sí ohùn yẹn, wọ́n yíjú sí òmíràn, wọ́n ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń wo ilẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ àwọn èrò. "Ìyá ọmọ dà? Ẹ sún sẹ́yìn kí n rí i. Ẹ jẹ́ kí n rí i kó tó pẹ́ jù."

Ẹ̀ríndé já wọ àárín wọn.

"Ẹ̀rín dé o!" ẹnì kan kígbe, àwọn tó kù sì gbà á lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ̀rín dé! Ẹ̀rín dé!"

"Ẹ jọ̀ọ́," Ẹ̀ríndé ní. "Ẹ gbé fóònù sílẹ̀. Ìyá mi ni. Ara wọn ò yá."

Wọ́n rín.

"Mo ní ara wọn ò yá! Kí ló ń pa yín lẹ́rìn-ín?" Ojú rẹ̀ rọ́. Ó rọ́ gẹ́lẹ́ bó ṣe máa ń rọ́ lórí ìtàgé tí ìyàwó inú eré bá lé e síta, ètè ìsàlẹ̀ yọ síwájú, ìpéǹpéjú ń gbọ̀n. Ojú tó sọ ọ́ di olókìkí nìyẹn, kò sì ní òmíràn tó lè fi sunkún. Ẹ̀rín àwọn èèyàn náà dé ọ̀run. Wọ́n ń gbá ara wọn léjìká. "Ẹ wo omijé o! Omijé gidi ni!" ọkùnrin kan ń yìn ín tọkàntọkàn. "Kò sí ẹlẹ́gbẹ́ ẹ!" Ẹ̀ríndé jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí kọnkéré, ó fi apá bo orí, èyí sì tún dùn mọ́ wọn jù.

Aránṣọ ti dé ọ̀dọ̀ Màmá, ó ti fi ara rẹ̀ bò wọ́n. Ẹlẹ́kàádì ló lọ di àbúrò rẹ̀ mú lápá.

"Dìde, ọmọ mi. Kò sí ohun tó o lè sọ fún wọn níbí tí wọ́n máa gbọ́. Dìde ká lọ."

Nínú mọ́tò, Màmá fi orí lé èjìká Aránṣọ lẹ́yìn. Ẹsẹ̀ wọn ti bó. Wọ́n gbórí sókè nígbà tí mọ́tò yà sí àdúgbò wọn.

"Ṣé ó bí i?" wọ́n bèèrè.

Aránṣọ di ọwọ́ wọn mú. "Ó bí i, Màmá. Ọmọ dé, ìyá yè."

"Ó ṣeun," Màmá ní, wọ́n sì sùn lọ. Ẹ̀ríndé ń wa mọ́tò lọ, kò bojú wẹ̀yìn, ṣùgbọ́n Aránṣọ ń rí èjìká rẹ̀ tó ń gbọ̀n.

Lálẹ́ yẹn ni Ẹ̀ríndé pa gbogbo fídíò Màmá rẹ́ lójú òpó rẹ̀. Kò jọ ohun tó ṣe nǹkan kan. Àwọn èèyàn ti ní tiwọn nípamọ́, ti ilé ìwẹ̀ náà wà níbẹ̀. Fídíò ilé epo ló sì wá gba ìgboro: wọ́n ti fi ìlù sí i, wọ́n ti gé e mọ ibi tí ojú Ẹ̀ríndé ti rọ́, wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ẹ̀rín ti dé tòótọ́. Ó kọ ọ̀rọ̀ gígùn kan láti ṣàlàyé. Ẹni tó kọ́kọ́ fèsì bi í pé ìgbà wo ni apá kejì máa jáde.

Òtútù wọ Màmá láyà láti ọjọ́ yẹn. Dókítà wá sílé, ó gbọ́ ìró àyà wọn, ó kọ òògùn. Nígbà tó ń jáde, ó bá àwọn ọmọ méjèèjì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní kí wọ́n máa ṣètọ́jú wọn kí ara lè tù wọ́n, kí wọ́n má retí ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀ríndé wá ń wá lójoojúmọ́. Mọ́tò ló ń fi fóònù rẹ̀ sí. Ọjọ́ kìíní, ó jókòó sétí ibùsùn bí ẹni tó wá wáṣẹ́, ó fi ọwọ́ méjèèjì sórí orúnkún. Màmá kí i pé ẹ kú iṣẹ́, ó ní ẹ ṣé, ọ̀rọ̀ sì tán. Ọjọ́ kejì ò yàtọ̀. Aránṣọ á gbé tíì wá, á gbé e kalẹ̀, á jáde. Ó kọ́ láti má bá wọn dá sí i.

Ọ̀sán kan, ó ń ti apá aṣọ kan bọ ẹnu ẹ̀rọ nígbà tó gbọ́ tí wọ́n ń sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ gidi ni, kì í ṣe ìkíni. Ó dìde lọ sẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá tó ṣí díẹ̀. Màmá ti gba ọwọ́ Ẹ̀ríndé mú. Wọ́n ń wo ojú rẹ̀ dáadáa, bí wọ́n ṣe máa ń wo ọkọ tó ń dúró de ìyàwó tó ń rọbí.

"Ṣé àkọ́bí yín ni?" Màmá ń bi í.

Aránṣọ rí i bí Ẹ̀ríndé ṣe ń wá ohun tó máa sọ. Ó ń bẹ̀rù pé àwàdà ló máa jáde.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Nọ́ọ̀sì."

"Mo mọ̀ ọ́n lójú ẹ. Ẹ̀rù ń bà ọ́."

"Ó ń bà mí gan-an."

"Jẹ́ kó bà ọ́. Ọkùnrin tí ẹ̀rù ò bà, mi ò kì í fẹ́ rí i nítòsí yàrá yìí." Màmá wúkọ́, wọ́n sinmi, wọn ò fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Wọ́n lé ọ síta, àbí? Wọ́n ní kó o má wọlé?"

"Mi ò mọ bí mo ṣe lè wọlé ni."

"Jókòó tì mí níbí. Ká dúró de ọmọ náà, iṣẹ́ ni. Àwọn èèyàn ò mọ̀."

"Nọ́ọ̀sì," Ẹ̀ríndé ní, ohùn rẹ̀ já, ó tún un mú, "ṣé wọ́n máa yè é?"

Màmá rò ó. Ojú wọn dà bí ojú ẹni tó ti gbọ́ ìbéèrè yẹn láìmọye ìgbà, tí kò sì fi í ṣeré rí.

"Mi ò kì í ṣèlérí fún èèyàn," wọ́n ní. "Ṣùgbọ́n mi ò ní fi yín sílẹ̀."

Ẹ̀ríndé gbé iwájú orí rẹ̀ lé ọwọ́ wọn. Ó ń sunkún, ojú rẹ̀ rọ́ bó ṣe ń rọ́, kò sì sẹ́ni tó rín. Màmá ń fi ọwọ́ kejì pa á lórí.

Oòrùn gba ojú fèrèsé bọ́ sórí àwọn méjèèjì. Ọwọ́ Aránṣọ ti wọ àpò aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ kó tó mọ̀, ó ti di fóònù mú. Kò ní fi han ẹnikẹ́ni. Tiwọn méjì ni, tìdílé nìkan. Tí Màmá bá ti lọ, tí Ẹ̀ríndé bá ń sọ pé ìyá òun ò mọ òun títí wọ́n fi kú, á ní ohun tó lè fi hàn án. Ó yọ ọ́ jáde dé àárín ọ̀nà. Ó wo ìka Màmá tó ń rìn lórí irun àbúrò rẹ̀, ó wò ó pẹ́.

Ó dá fóònù padà sápò. Ó fa ilẹ̀kùn mọ́ra díẹ̀díẹ̀ kó má baà dún, ó padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Aṣọ tó ń rán ṣì wà lẹ́nu abẹ́rẹ́. Ó gbé ẹsẹ̀ lé e láti tẹ̀ ẹ́, ó rántí bí ariwo rẹ̀ ṣe ń wọ inú yàrá, ó gbé ẹsẹ̀ kúrò. Ó yọ aṣọ náà, ó wá abẹ́rẹ́ ọwọ́ nínú agolo, ó ki òwú bọ̀ ọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ rán an, jẹ́jẹ́.